Magic System: Bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin láti Anoumabo ṣe fi orin 'gaou' la ọ̀nà, tí wọn kò sì tú ká

Bí ẹ bá lọ síbi ìnáwó ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó ṣòro kí ẹ má gbọ́ orin kan tí wọ́n fi èdè Faransé kọ. Bí DJ bá ti gbé e sí i báyìí, tọmọdé tàgbà ló ń dìde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó náà kò dá ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn 'gaou', wọn kò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Àfi àwọn ará Èjìgbò. Ní ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ṣòro láti rí agboolé tí kò ní ẹbí ní Côte d'Ivoire. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra láti Èjìgbò lọ tààrà sí Abidjan, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún sì ń sọ èdè Faransé bí ẹni ń mumi. Àwọn yẹn mọ̀ pé 'gaou' ni ọmọ Abidjan ń pe ẹni tí ojú rẹ̀ kò là, ẹni tó rọrùn láti rẹ́ jẹ.

'Premier Gaou' ni orúkọ orin náà. Àwọn tó kọ ọ́ ni Magic System, ìyẹn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ rìn láti ìgbà èwe wọn ní àdúgbò Anoumabo, ní agbègbè Marcory ní Abidjan. Salif Traoré, tí gbogbo ayé mọ̀ sí A'Salfo, ló ń léwájú. Àwọn mẹ́ta tó kù ni Étienne Boué Bi tí wọ́n ń pè ní Goudé, Adama Fanny tí í ṣe Tino, àti Narcisse Sadoua tí í ṣe Manadja.

Bí wọ́n ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn àwọn olórin ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí owó dé: wọn kò pín yà, wọn kò sì gbàgbé àdúgbò wọn.

Títì kan, ayé méjì

Ẹni tó bá ti pápákọ̀ òfurufú Port-Bouët wọ àárín Abidjan yóò gba títì ńlá kan tí wọ́n fi orúkọ Valéry Giscard d'Estaing, ààrẹ Faransé nígbà kan rí, sọ. 'VGE' làwọn ará ìlú ń pè é. Títì yìí la agbègbè Marcory kọjá. Biétry àti Zone 4 wà ní apá kan rẹ̀. Ní apá kejì ni Marcory àwọn mẹ̀kúnnù wà, ibẹ̀ náà sì ni Anoumabo wà, létí ọ̀sà.

Biétry jẹ́ àdúgbò tí àwọn ará Faransé, àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ọwọ́ wọn dẹ̀ ń gbé. Ilé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìgbafẹ́ tó kọjú sí omi. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ Sátidé nawó ní Abidjan mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Anoumabo ní tirẹ̀ jẹ́ abúlé àwọn Ébrié, tí í ṣe onílẹ̀ Abidjan, kí ìlú tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí Abidjan ń dàgbà, àwọn tó ń wá iṣẹ́ wá láti àríwá àti ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, láti Burkina Faso, láti Málì àti láti ibòmíràn, wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Ilé fún mọ́ ilé, òpópónà sì tóóró.

Orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rin yìí fi bí àdúgbò náà ṣe rí hàn. Traoré àti Fanny jẹ́ orúkọ tí a máa ń gbọ́ láàárín àwọn tí orísun wọn wá láti apá àríwá. Ẹni tó bá sì gbọ́ 'Boué Bi' ti mọ̀ pé Gouro ni, láti àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Ní Anoumabo, ọmọ àdúgbò kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe pàtàkì nígbà tó bá yá.

Orin tó ti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde

Zouglou ni orúkọ irú orin tí Magic System ń kọ. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ń gbé ní Yopougon, ní apá kejì Abidjan, ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún 1990 ń wọlé bọ̀.

Nǹkan ti yí padà ní Côte d'Ivoire lákòókò náà. Kòkó ló ń gbọ́ bùkátà orílẹ̀-èdè náà, àmọ́ owó kòkó ti já wálẹ̀ lágbàáyé. Iye tí àwọn àgbẹ̀ ń rí gbà lórí kílò kòkó kan já láti 400 fránkì CFA wá sí 200. Ìjọba Félix Houphouët-Boigny kò rí owó ná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń falẹ̀, àwọn ọmọ mélòó kan sì ń há ara wọn mọ́ yàrá ẹyọ kan. Ní 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ bọ́ sí ìgboro títí ìjọba fi gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ju ẹyọ kan lọ máa wà.

Nínú làásìgbò yẹn ni zouglou ti jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọrin nípa ebi, nípa yàrá tó há, nípa ìwé tí kò mówó wá. Nínú ijó rẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sókè bí ẹni ń bẹ Ọlọ́run. Didier Bilé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Les Parents du Campus, ló gbé e dé etí gbogbo ìlú ní 1991 pẹ̀lú orin 'Gboglo Koffi'.

Kò gba owó púpọ̀ láti kọ zouglou. Ìlù, agogo, ìgò tí wọ́n ń fi irin lù, àtẹ́wọ́ àti ohùn ti tó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Abidjan ti ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ tipẹ́ níbi ìdíje bọ́ọ̀lù láti fi ki ẹgbẹ́ wọn láyà. Wôyô ni wọ́n ń pè é. Ohun tó yàtọ̀ nínú zouglou ni pé orin náà ń sọ ìtàn, ó sì ń fi ẹ̀rín sọ òótọ́ tó korò.

Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń kọ wéré láti jí àwọn mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ramadan ni fújì ti ọwọ́ wọn jáde. Ìlú òyìnbó náà rí tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1976, àwọn ọ̀dọ́ ní London gbé gìtá tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì mọ̀ ọ́n ta, wọ́n fi ń pariwo ohun tó ń dùn wọ́n, ayé sì pe orin náà ní punk. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Faransé pẹ̀lú. Níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọmọ tí kò lówó kò dúró dìgbà tí ẹnìkan bá fún un láyè kó tó sọ̀rọ̀.

Àwo àkọ́kọ́ tí kò tà

Nígbà tí àwọn ọmọ Anoumabo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, wọn kò ju ọmọ ilé-ìwé lọ. A'Salfo, tí wọ́n bí ní 1979, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Àwọn ọmọ tó ń kọrin pọ̀ ju mẹ́rin lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni àwọn kan ń yẹ̀ kúrò, mẹ́rin ló sì kù tó di Magic System láàárín ọdún 1996 sí 1997.

Àkókò náà kò rọgbọ. Houphouët-Boigny ti kú ní oṣù Kejìlá 1993. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dín iye owó CFA kù: ohun tí 50 fránkì CFA ń rà tẹ́lẹ̀ ní owó Faransé wá di 100. Láàárín òru kan, ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ní àdúgbò bíi Anoumabo, ibi tí òbí ti ń ṣírò owó oúnjẹ lójoojúmọ́, ọmọ tó bá ní orin lòun fẹ́ fi jẹun ti ṣe tán láti gbọ́ èébú.

Ní 1997, wọ́n gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde, 'Papitou'. Kò tà. Àwọn olórin zouglou ti pọ̀ lórí igbá nígbà náà, kò sì sí ẹni tó dá àwọn ọmọ Anoumabo mọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin, ibẹ̀ ni ìtàn máa ń parí sí. Ọ̀kan á lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, èkejì á lọ bá ẹbí rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ẹ̀kẹta á ní òun lòun mọ orin kọ jù. Àwọn mẹ́rin yìí padà sídìí iṣẹ́.

Ta ni gaou gan-an?

Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 1999, àwo 'Premier Gaou' jáde.

Ìtàn inú orin náà kò ṣòro. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọrin, kò lówó lọ́wọ́, ó sì ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Antou. Nígbà tí nǹkan le, Antou fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwo rẹ̀ jáde, tí wọ́n ń rí i lórí tẹlifíṣàn, Antou padà dé, ó fẹ́ kí ohun gbogbo máa lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bú u, kò sì lé e. Ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé ojú òun ti là.

Yorùbá máa ń sọ pé ìgbà ìpọ́njú là ń mọ̀rẹ́. Orin náà gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó fi nǹkan kan kún un: ẹni tí wọ́n tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kò tíì di òmùgọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n tan òun jẹ lẹ́ẹ̀kejì ni kó sunkún ara rẹ̀.

Nouchi ló pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, ìyẹn èdè ìgboro Abidjan, tó pa Faransé pọ̀ mọ́ Dioula, Baoulé àti èdè mìíràn. Ẹni tó ti Paris wá, tó sì gbọ́ Faransé yékéyéké, lè má mọ ohun tí wọ́n ń wí. Gaou ló kọ́kọ́ jẹ́ fún èdè yẹn. Ìyẹn wà lára ohun tó dùn mọ́ àwọn ará Marcory nínú: orin náà kò tẹ èdè rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí àlejò.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn 'maquis', ìyẹn ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ti ń ta attiéké, ẹja yíyan àti 'alloco' tí Yorùbá ń pè ní dòdò. Láti ibẹ̀ ó dé Benin, Togo, Nàìjíríà, Cameroon àti Kóńgò. Ní 2002, ó wọ Faransé, níbi tí DJ Bob Sinclar ti tún un ṣe fún ilé ijó. Ó wọ inú orin márùn-ún tó ń léwájú ní orílẹ̀-èdè náà.

Àwọn ọmọ tí kò rẹ́ni ra àwo wọn ní 1997 ti wá di ẹni tí Paris ń jó sí orin wọn. A kò lè sọ pé wọ́n jẹ́ gaou.

Nígbà tí ogun dé sílé

Àmọ́ bí òkìkí wọn ṣe ń kàn ní òkèèrè ni ilé ń jó lẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1999, ọdún tí 'Premier Gaou' jáde gan-an, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Henri Konan Bédié. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí Côte d'Ivoire ti gba òmìnira. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì: àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà ní àríwá, ìjọba wà ní gúúsù.

Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn lákòókò náà ni pé ta ni ọmọ Côte d'Ivoire tòótọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti ará àríwá lè rí ìṣòro lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní ojú títì. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ olórin tí Traoré, Fanny, Boué Bi àti Sadoua ti jọ ń kọrin jẹ́ ìdáhùn fúnra rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ní oṣù Kọkànlá 2004, ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Marcory. Ọkọ̀ òfurufú ìjọba Côte d'Ivoire ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn ọmọ ogun Faransé ní Bouaké, ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án kú. Faransé ba àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun náà jẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì tú jáde ní Abidjan láti bá ohunkóhun tó bá jẹ́ ti Faransé jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Faransé fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àdúgbò bíi Biétry àti Zone 4, tí wọ́n pọ̀ sí jù, wá dá páropáro.

Nígbà tí àwọn ará Faransé ń sá kúrò ní apá kan títì VGE, àwọn ọmọ apá kejì títì náà ni Faransé ń pè wá sórí tẹlifíṣàn rẹ̀. Ohun tí ìjọba méjì kò lè jọ jókòó sọ mọ́, àwọn tó ń jó ní ilé ijó ń bá a lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti Marcory dé Vitry

Kì í ṣe àwọn olówó Paris ló kọ́kọ́ fà wọ́n mọ́ra ní Faransé. Àwọn ọmọ ìlú kéékèèké tó yí Paris ká ni, níbi tí àwọn ilé gíga wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ti Áfíríkà wá ń gbé.

Ní Vitry-sur-Seine, ọ̀kan nínú àwọn ìlú yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan ti dá ẹgbẹ́ ráàpù sílẹ̀ láti ìgbà èwe wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni 113, nọ́ńbà ilé tí wọ́n ń gbé. Òbí Rim'K wá láti Algeria, ti AP láti Guadeloupe, ti Mokobé láti Málì. Bíi ti Anoumabo, orírun wọn kò papọ̀, àdúgbò ló pa wọ́n pọ̀. Ní 1999 kan náà tí 'Premier Gaou' jáde ni àwo tiwọn, 'Les Princes de la ville', gbé wọn dé ojú ayé.

Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, ó dà bí ìgbà tí ìbátan bá rí ara wọn. Pẹ̀lú Mohamed Lamine, olórin ọmọ Algeria, wọ́n jọ kọ 'Un Gaou à Oran'. Mokobé tún bá Magic System kọ 'Bouger Bouger', tó wà nínú àwo 'Cessa kié la vérité' tí wọ́n gbé jáde ní 2005. Ní 2009, Khaled, ọ̀gá nínú orin ráì, bá wọn kọ 'Même pas fatigué', orin náà sì gba ipò kìíní ní Faransé.

Ní 2014, 'Magic in the Air', tí wọ́n jọ kọ pẹ̀lú Chawki ọmọ Mòrókò, wọ pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù lágbàáyé. Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2017, nígbà tí Emmanuel Macron wọlé ìbò ààrẹ Faransé, Magic System wà lára àwọn tó kọrin fún àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ níwájú Louvre ní Paris.

Àwọn kan ní Abidjan sọ pé orin wọn ti fẹ́lẹ́ jù, pé zouglou tó ń bá ìjọba wí ti di orin ìgbádùn lásán. Àríwísí náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí a bá gbé 'Magic in the Air' sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yopougon, ìyàtọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Yodé àti Siro, tí àwọn náà ń kọ zouglou, ṣì ń bá ìjọba sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nínú orin tiwọn. Ibi tí Magic System gbà dá àwọn tó ń bá wọn wí lóhùn yàtọ̀: kì í ṣe inú orin, Anoumabo ni.

Wọ́n padà sí Anoumabo

Ní 2008, Magic System dá ayẹyẹ orin kan sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní FEMUA. Orúkọ Anoumabo wà nínú rẹ̀, nítorí ohun tí lẹ́tà márùn-ún náà dúró fún ni ayẹyẹ àwọn orin ìgboro ti Anoumabo.

Wọ́n lè gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Cocody, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ omi ní Biétry níbi tí olówó yóò ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú Anoumabo ni wọ́n gbé pèpéle sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìyá tó ń ta attiéké ní ẹ̀gbẹ́ títì lè rí àwọn olórin tí orúkọ wọn kàn kárí Áfíríkà, láì san kọ́bọ̀. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, fún ọjọ́ mélòó kan lọ́dọọdún, àwọn tí kì í kọjá títì VGE ni wọ́n máa ń rọ́ wá sí Anoumabo.

Orin nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi owó tí ayẹyẹ náà bá fà wọlé kọ́ ilé-ìwé, ní àdúgbò wọn àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire. Ní 2012, àjọ UNESCO fi A'Salfo ṣe aṣojú rẹ̀ fún ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Èyí ni ohun tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe dá sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, Plantashun Boiz tú ká ní 2004, 2Face, Faze àti Blackface sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. P-Square, tí wọ́n jẹ́ ìbejì, pín yà ní 2017, wọ́n tún padà wá ní 2021, kò sì pẹ́ tí ìjà tún dé. Nínú zouglou fúnra rẹ̀, Soum Bill kúrò láàárín Les Salopards láti máa dá kọrin. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí òkìkí bá ti dé, ojú ayé máa ń wo ẹnìkan ju àwọn tó kù lọ.

Ti Magic System kò yàtọ̀ lórí èyí. A'Salfo ni gbogbo ènìyàn mọ̀, òun ni wọ́n ń fi jẹ oyè, òun ló ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, àwọn mẹ́ta tó kù sì ń dúró tì í lórí pèpéle.

Òwúrọ̀ tí Papa Wemba ṣubú

Ọjọ́ kan wà tí FEMUA fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ rántí. Ní ìdájí ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2016, Papa Wemba, ọ̀gá nínú orin rọ́ńbà ilẹ̀ Kóńgò, ń kọrin lórí pèpéle ní Anoumabo. Àwọn ọmọbìnrin tó ń jó wà níwájú rẹ̀, wọn kò rí i nígbà tó ṣubú. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ara eré. Ó kú ní ẹni ọdún 66.

Tẹlifíṣàn ń gbé eré náà jáde tààrà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, gbogbo Áfíríkà ti gbọ́ orúkọ Anoumabo, kì í ṣe bí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin náà ṣe fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Kinshasa ń sunkún, Abidjan náà ń sunkún.

Ìbá rọrùn láti ti ilẹ̀kùn ayẹyẹ náà pa. Ọdún tó tẹ̀ lé e, FEMUA tún wáyé.

Gaou àkọ́kọ́ àti gaou kejì

Ní oṣù Kìíní 2024, Côte d'Ivoire gba ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà lálejò. Orin tí wọ́n fi ṣe orin ìdíje náà ni 'Akwaba', tí Magic System kọ pẹ̀lú Yemi Alade láti Nàìjíríà àti Mohamed Ramadan láti Íjíbítì.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò ní gbàgbé ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, Super Eagles fi góòlù kan sí òdo na Côte d'Ivoire. Lẹ́yìn náà ni Equatorial Guinea tún na onílé ní góòlù mẹ́rin sí òdo. Ojú ti àwọn ará Abidjan, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn kúrò níṣẹ́, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí ẹgbẹ́ náà já kúrò nínú ìdíje.

Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kejì, àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá ní Ebimpé. William Troost-Ekong ló kọ́kọ́ jẹ góòlù fún Nàìjíríà. Franck Kessié dá a padà, Sébastien Haller fi èkejì kún un, ife di ti Côte d'Ivoire.

Àwọn Yorùbá tó ń gbé Abidjan, tí ọkàn wọn pín sí méjì lọ́jọ́ náà, mọ orin tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù lọ. Ẹni tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀kan kò tíì di òmùgọ̀. Ó kù sí ohun tó bá ṣe nígbà kejì.

Àwọn ọmọ mẹ́rin kan ní apá kejì títì VGE ti mọ èyí láti 1997, nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ kò tà, tí wọ́n sì jọ padà lọ kọ òmíràn.